Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Alágbàtà Ímeèlì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ariwo kọ́sítọ́mà. Ẹ kú àmójútó server tí ẹ ò fojú kàn rí. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ó ní ṣe ni kí n wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkẹjà, kí n jókòó sórí àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì yẹn, kí ẹ rán ọmọ lọ ra mínírà tútù fún mi, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ìdí tí n kò fi wá gan-an nìyẹn. Mínírà yín ti pa ẹjọ́ mọ́ mi lẹ́nu jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ gbé pátákó síta, tí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé "Ímeèlì ilé-iṣẹ́ lórí server tiwa". Ẹni tó bá fi pátákó sọ̀rọ̀, ìwé ìròyìn ló yẹ kí wọ́n fi dá a lóhùn.

Ta ni "wa" tó wà nínú "tiwa" yẹn, Ẹ̀gbọ́n? Mo ti wọ ọ́fíìsì yín débi pé mo mọ ibi tí èkúté ń gbà wọlé. Láptọ́ọ̀pù kan ló wà níbẹ̀, inverter kan, bátìrì méjì, fáànù kan tó ń kérora, àti káláńdà ìjọ. N kò rí server. Server tí lẹ́tà gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà yín ń sùn lé lórí wà l'Ámẹ́ríkà, nínú ilé ńlá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ké tọ̀sán-tòru, ẹ̀yin sì rèé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ físà fún yín. Lẹ́tà wa ti rí ìlú òyìnbó, ẹni tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni kò tíì rí i.

Kí ẹ tó fà mí létí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́: n kò fi iṣẹ́ alágbàtà ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kì í ṣe alágbàtà l'Ékòó? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni kò ní ààrò. Ẹlòmíì ló po ìyẹ̀fun, ẹlòmíì ló yan án, òun kàn fi náílọ́ọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ wé e, ó sì di búrẹ́dì tirẹ̀. A ń jẹ ẹ́, a ń yó. Ohun tó ń bí mi nínú ni kó máa búra fún mi pé òun lòun jí ní ìdájí tí òun po ìyẹ̀fun.

Ọgbọ́n tí òwò yín dúró lé lórí kì í ṣe ti àná. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, Craig Partridge kọ ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní RFC 974, èyí tó ṣàlàyé bí lẹ́tà yóò ṣe máa mọ ọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ kí orúkọ tó tẹ̀lé àmì @ jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tí lẹ́tà ń lọ bá. Ẹni tó ni orúkọ náà, èyí tí a ń pè ní domain, yóò fi ìlà kan sínú DNS rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà tí a ń pè ní MX, yóò sì fi sọ fún gbogbo ayé pé: ẹni tó bá ní lẹ́tà fún mi, kó gbé e lọ sílé lágbájá. Lágbájá lè wà ní Texas, ó lè wà ní Jámánì. Ẹni tó kọ lẹ́tà kò ní mọ̀, kò sì ní bèèrè. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni oko tí ẹ ń ro, Ẹ̀gbọ́n. Òun lẹ fi ń kọ́ ilé tó wà ní Mowé.

Àwọn tó tètè rí owó ńlá nídìí ìlà yẹn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ yín. Ní 1997, David Hayden dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní San Francisco, ó pè é ní Critical Path. Wọn ò tà fún irú èmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń bá lò, àwọn tó ń fa wáyà wọ ilé onílé, tí wọn ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ lẹ́tà fọ́ wọn lórí. Critical Path á tọ́jú àpótí ímeèlì ní orúkọ wọn, kọ́sítọ́mà á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́. Ní 1999 wọ́n gbé ara wọn lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò, owó ya lé wọn lórí. Ní 2001 ni àṣírí tú pé àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀ ti fi ìwé ṣírò owó tí kò wọlé mọ́ èyí tó wọlé. Ẹ rí i báyìí? Irọ́ ti wà nínú òwò yìí kí ẹ tó gbé pátákó tiyín síta.

Èyí tó máa dùn mọ́ yín nínú nìyí. Ilé-iṣẹ́ BT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, baba ńlá tó ń fa wáyà tẹlifóònù yí gbogbo ìlú ká, gbé ímeèlì àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ fún Yahoo láti nǹkan bí ọdún 2003. Nígbà tó di 2013, wọ́n ní àwọn ń kó o kúrò lọ́wọ́ Yahoo. Ta ni wọ́n fẹ́ kó o fún? Critical Path. Kò pẹ́ rárá tí Openwave Messaging fi ra Critical Path pátá. Àwọn ará wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù tí wọ́n ń fi àdírẹ́sì btinternet.com gba lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mélòó nínú wọn ló mọ iye ọwọ́ tí lẹ́tà náà ti gbà kọjá? Àdírẹ́sì ò yí padà, ìwé owó BT ń dé lóṣooṣù, kálukú ń bá ìjà ẹgbẹ́ lọ. Alágbàtà ni BT, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé orí yín sókè.

Títí dòní náà, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin alágbàtà nìkan ni ọjà wọn wà fún. Tucows ní Toronto ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ OpenSRS, ó ń ta domain àti àpótí ímeèlì ní òsùnwọ̀n fún àwọn tí yóò tún un tà ní orúkọ ara wọn. Bóyá ibẹ̀ lẹ ti ń rà, bóyá ibòmíì ni. N kò bèèrè orúkọ ẹni tó ń yan búrẹ́dì yín. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ gbà pé ẹnì kan wà tó ń yan án.

Mo mọ èyí tí ẹ fẹ́ sọ báyìí. Ẹ fẹ́ ní: "Bó bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀, kó lọ gbé server tirẹ̀ kalẹ̀ nílé." Ẹ gbà mí o! Ilé wo? Ibi tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan? Bí Gmail bá gbé lẹ́tà wá tí ilé ṣókùnkùn, yóò gbìyànjú fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò dá lẹ́tà padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo tún ní láti ní nọ́ńbà IP tí kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń fún wa, àìmọye èèyàn ló jọ ń lò ó. Mo ní láti rí i pé wọn ò dí ojú ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde, port 25, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ń dí nítorí àwọn tó ń rán ìránkúránṣẹ́. Bí mo bá wá ṣe gbogbo ìyẹn tán, Gmail á wo nọ́ńbà mi, á ní òun ò mọ̀ mí rí, á sì sọ lẹ́tà mi sínú fóldà spam.

Ọ̀rọ̀ sì ti tún le sí i. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà òun wọlé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé òun lòun fi ránṣẹ́, ìyẹn ìlà tí wọ́n ń pè ní SPF tàbí DKIM ó kéré tán. Ẹni tó bá ń rán 5,000 lẹ́tà lójúmọ́ sí àwọn tó ń lo Gmail ní láti ní méjèèjì, kó tún fi ìlà kẹta, DMARC, lé e. Lẹ́tà ìpolówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn á tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti yọ orúkọ ara rẹ̀. Àwọn tó bá sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ń dààmú àwọn kò gbọdọ̀ tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Ìyá tó ń ta léèsì ní Balógun, ṣé òun ni yóò jókòó ti DKIM? Níbí yìí ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún yín. Mo rí i nígbà tí ẹ to àwọn ìlà yẹn fún ìyá kan, tí ìwé iye ọjà tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ ní Kútọnu ò wọ fóldà spam mọ́. Kò mọ ohun tí ẹ ṣe. Ó kàn ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín dẹ̀yìn. Ẹ ò kọ ìyẹn sí ara pátákó, bẹ́ẹ̀ òun ni ọjà yín gan-an.

Dípò bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ kọ? "Àpótí tí kò lópin." Ẹ̀gbọ́n, gbogbo nǹkan ló lópin, àní sùúrù àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn pàápàá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, àwọn tó ni cPanel, pátákó ìdarí tí ẹ fi ń ṣí àkáǹtì fún wa, ní àwọn ò gba iye kan fún odindi server mọ́, àwọn á máa ka àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀. Ariwo sọ láàárín ẹ̀yin alágbàtà káàkiri ayé. Kí lẹ sọ fún wa ní tiyín? Ẹ ní ẹ ti "gbé wa ga". Owó ga lóòótọ́.

Lórí ti dọ́là, n kò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ojú mi là sí i. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní iye ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e fi máa lọ sópin, ó ti lé ní 1,500. Ẹ mú àpótí kan tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 6 lóṣù: nǹkan bí 2,760 náírà nígbà kan, ó di 9,000. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ń wo 90,000 lóṣù kó tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Lọ́dún yẹn, wọ́n parọ́ mọ́ yín. Èrè yín ni ẹ fi ń dí ihò. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń sọ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti "Network ni." Ọ̀rọ̀ méjì yìí ti jẹ́ òògùn gbogbo-ǹ-ṣe lẹ́nu yín. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àkójọ olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀pọ̀ wa rà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ lórí server kan, nọ́ńbà IP kan náà ni gbogbo wa fi ń ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan á wá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, á sanwó láìdúnàádúrà (ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti fura), tó bá di òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pé ọmọ ọ̀gágun kan tó ti kú fẹ́ kó owó sọ́dọ̀ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Spamhaus ti gbọ́. Àwọn yẹn, láti 1998 tí Steve Linford ti dá wọn sílẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti kọ orúkọ ilé tí ìránkúránṣẹ́ ti ń jáde, àwọn tó ń gba lẹ́tà káàkiri ayé sì ń wo ìwé wọn. Nọ́ńbà wa ti wọ ìwé náà. Ọ̀gá ilé-ìwé kan kọ lẹ́tà sí àwọn òbí nípa owó ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́yà kan fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, ó padà. Wọ́n pè yín. Ẹ ní network ni. Wọ́n tún pè. Ẹ ní kí wọ́n pa fóònù wọn kí wọ́n tún un tàn.

Lákòókò yẹn, ẹ ti kọ̀wé sí àwọn tí ẹ ń rà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ ju orúkọ àbísọ rẹ̀ lọ ti dá yín lóhùn pé àwọn á wò ó láàárín wákàtí 24 sí 48. Ẹ wá yí ìyẹn padà fún wa sí: "Àwọn ẹnjiníà wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́." Ẹnjiníà wo? Ọmọ tó ń ra mínírà? Kí ló burú nínú kí ẹ sọ pé: "Kọ́sítọ́mà kan ló ba orúkọ server jẹ́. A ti lé e. Àwọn tó ni server ló lè bá wa yọ ọ́ nínú ìwé, ó lè pẹ́ dọ̀la. Títí dìgbà náà, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àwọn òbí"? Ọ̀gá ilé-ìwé á bínú. Ṣùgbọ́n ó máa mọ ohun tó kàn láti ṣe, ìyẹn sì ju kó máa pa fóònù kó máa tàn án.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an á ṣubú. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn ajínigbé orí kọ̀ǹpútà wọ inú ẹ̀ka Hosted Exchange ti Rackspace, ilé-iṣẹ́ ńlá ní Texas. Lẹ́tà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ kékeré ló wà níbẹ̀. Rackspace ti ẹ̀ka náà pa, ó ní kí àwọn kọ́sítọ́mà kó lọ sọ́dọ̀ Microsoft 365, kò sì tún ṣí ẹ̀ka náà mọ́. Ọ̀pọ̀ ló lè máa gba lẹ́tà tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà àtijọ́ ńkọ́? Ẹni tó ti ṣe ẹ̀dà sọ́wọ́ ara rẹ̀ ló rí oorun sùn. Mo bi yín nígbà kan pé níbo ni ẹ̀dà lẹ́tà tiwa wà. Ẹ ní "ó wà lórí cloud". Àwọn ti Rackspace náà wà lórí cloud, Ẹ̀gbọ́n.

Gbogbo èyí, mo lè fi mínírà kan gbé e mì. Èyí tó kù ni n kò lè gbé mì.

Ẹ rántí ayé tẹlifóònù onídáyà, nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n n'Íbàdàn ń tẹ skannet.com sára ìwé wọn, tí àwọn oníṣòwò Èkó ń tẹ hyperia tàbí linkserve. Àdírẹ́sì tó jẹ́ ti ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún èèyàn ni. Bí èèyàn bá kó kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà, á fi àdírẹ́sì sílẹ̀ síbẹ̀, á sì máa wá káàdì tuntun tẹ̀. Ìdí tí gbogbo wa fi sáré lọ ra domain nìyẹn: bí alágbàtà bá yí, bí server bá kó kúrò ní Texas lọ sí Jámánì, èèyàn kàn á yí ìlà MX, àdírẹ́sì á sì dúró digbí. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí domain wà lórúkọ rẹ̀. NiRA tó ń bójú tó .ng kì í tà á tààrà fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ àwọn tó fún ní àṣẹ ni wọ́n ti ń rà á, àwọn yẹn náà sì ní irú yín lábẹ́ wọn. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ààyè kan wà fún orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni domain. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló láṣẹ. Mo lọ wo ti ilé-iṣẹ́ mi. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.

Àdírẹ́sì tí ẹ fi sí i ńkọ́? Gmail! Ẹ̀yin tó ń ta ímeèlì ilé-iṣẹ́ lórí "server tiwa", Gmail ni ẹ kọ síbẹ̀. Mo wá yọ káàdì yín nínú wálẹ́ẹ̀tì mi: lábẹ́ CEO, Gmail náà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń bẹ̀ kí wọ́n lo .gov.ng, tí wọ́n ṣì ń fi Yahoo gba ìwé, ti rí ẹlẹgbẹ́. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí server bá wó, ẹ ṣì fẹ́ rí lẹ́tà gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fi kọ́ àwa náà ní ọgbọ́n yẹn, kí ẹ ní kí a fi àdírẹ́sì mìíràn tí kò sí lórí domain náà síbẹ̀, kó jẹ́ tiwa?

N kò rò pé ẹ fẹ́ gbé domain mi sá lọ. Mo mọ ìyá yín. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣàìsàn, èèyàn lè rí físà gbà nígbẹ̀yìngbẹ́yín kó sì kọjá lọ sí Texas lọ rí server rẹ̀, fóònù rẹ̀ á wá máa dún lásán n'Íkẹjà. Kí ni àwa máa wá ṣe? Kí ni a fẹ́ fi han NiRA pé àwa la ni orúkọ tí a ti ń fi ṣòwò láti ọdún pípẹ́ wá?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè kò le. Ẹ yí orúkọ inú ìwé náà sí tèmi. Ẹ fi kóòdù tí èèyàn fi ń kó domain lọ ránṣẹ́ sí mi. N kò ní kó lọ síbì kankan, mo kàn fẹ́ mọ̀ pé mo lè kó lọ. Ẹ sọ fún mi ẹni tó ń tọ́jú lẹ́tà wa àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà. Ẹ lè fi owó kékeré lé iye tí ẹ ń gbà nítorí wàhálà náà, n kò ní dúnàádúrà. Bó bá sì wù yín, ẹ pe ayàwòrán tó kọ pátákó yín kó tún un kọ: "Alágbàtà ímeèlì. A máa ń gbé fóònù." Mo mọ ọ̀pọ̀ tó máa wọlé nítorí gbólóhùn kejì yẹn nìkan, nítorí Google kì í gbé fóònù ìyá oníléèsì.

Ẹ bá mi kí ìyàwó, kí ẹ sì bá mi kí ẹnjiníà yín tó ń ra mínírà.

Èmi ni,
Àbúrò yín, kọ́sítọ́mà yín

Àfikún: Ìwé owó ọdún yìí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Inú fóldà spam ni mo ti rí i.